Nígbà Tí Dọ́kásì Jẹ́rìí

Garki, Àbújá,
Oṣù Kẹfà, 1987.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bọ́lárìnwá,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo kúnlẹ̀ kí Màámi. Ara àwọn ọmọ yá. Èlùbọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Ọkọ mi ò tíì rìn láti ìgbà tí pákó ti dá lábẹ́ òun àti Òjó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Maitama. Wọ́n jọ ṣubú ni, ṣùgbọ́n Òjó ti ń rìn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Dọ́kásì, ìyàwó Òjó, jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé olóòótọ́ ni Ọlọ́run. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi ò lè ṣe é. Mo ń wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń jó, ó ń ṣe mí bí ẹni pé ara ọkọ tèmi ló ti jí i.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, “Òjó yà síbí láàárọ̀. A jọ dúpẹ́ ni.”

Mo ní, “Kí lẹ̀yin ń dúpẹ́ lé lórí?”

Ó ní, “Ẹni tó gbé Òjó dìde ò fi mí sílẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí.”

Ẹ̀gbọ́n mi, n ò jowú Dọ́kásì mọ́. Ọkọ mi ni mo wá ń jowú. Orí ẹní kan náà la jọ ń gbàdúrà, òun nìkan ló ń rí Ọlọ́run níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn mi kún un. Olúwa ò ní jẹ́ kí ilé yín mọ ẹkún.

Àbúrò yín,
Fèyí.