Lẹ́ǹsì Gígùn Tí Mo Fi Wá Àyúbà fún Ìyá Rẹ̀

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ọ̀nà Lángbàsà,
                                        Ajah,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àníọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń sáré kiri inú ṣọ́ọ̀bù rẹ, pé wọ́n tiẹ̀ ti fa aṣọ funfun tí o fi ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ya. Ó tọ́ sí ọ. Ṣé ìwọ náà jẹ́ kí ọ̀gá wa sinmi nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn l'Óṣogbo? Bá mi kí ìyá rẹ dáadáa, kí o sì bá mi bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. Ní tèmi, ara mi le koko, àfi orí imú mi tí oòrùn etí òkun bó. Bó ṣe bó ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí náà wá ibi jókòó.

O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni èmi àti Hakeem ti ń sọ pé a fẹ́ ṣègbéyàwó. Àwọn ẹbí mi ti gbà, àwọn ẹbí tirẹ̀ náà ti gbà, àfi ìyá rẹ̀ tí kì í fẹ́ dá ọjọ́. Bí a bá dárúkọ oṣù kan, Màmá á ní kò rọgbọ. Bí a bá dárúkọ òmíràn, wọ́n á ní ká ṣì ní sùúrù. Èmi rò pé wọn ò fẹ́ràn mi ni. Mo bínú débi pé n kò yà sílé wọn ní Abraham Adésànyà Estate mọ́, mo sì sọ fún Hakeem pé kí ó lọ fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ bá bá a wá. Ìwọ náà mọ̀ mí, ẹnu mi kì í dúró de ọpọlọ mi.

Àṣé ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ kàn mí. Hakeem ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Àyúbà, àkọ́bí Màmá, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ńlá tó ń kó kọ̀ǹténà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wálé kẹ́yìn. Ó máa ń pè lórí fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkun kò dára, ohùn rẹ̀ á há, bó bá sì jẹ́ ti fídíò, àwòrán á dúró gbagidi. O mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe bí ọmọ bá kú tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Gbogbo ilé á mọ̀, wọ́n á máa fi pa mọ́ fún ìyá, wọ́n á ní ọmọ rìnrìn àjò. Màmá ti bá wọn fi irú rẹ̀ pa mọ́ fún aládùúgbò wọn kan rí, wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ohun tó wá wà lọ́kàn wọn ni pé Àyúbà ti kú, pé ẹnì kan ni Hakeem ń bẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀, àti pé a fẹ́ ṣe ìgbéyàwó wa tán ká tó túfọ̀ fún àwọn. Fọ́tò tí Àyúbà fi ránṣẹ́, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló yà á. Lọ́jọ́ tí Hakeem gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wọn, ó sunkún, èmi náà sì bá a sunkún.

Oṣù tó kọjá ni Àyúbà wá pè pé ọkọ̀ àwọn ń bọ̀ ní Lekki Deep Sea Port, ní Ìbẹ̀jú-Lékkí níbí. Hakeem sáré lọ sọ fún Màmá, mo sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n Àyúbà ní iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí òun lè sọ̀ kalẹ̀, pé bí àwọn bá ti já ẹrù tán, àwọn tún ń lọ nìyẹn. Ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ kò sì lè ṣàdédé wọ inú èbúté. Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò wá lè wọlé. Ẹ kú irọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí i. Mo ní kí Màmá fún mi láàyè, pé mo ní lẹ́ǹsì gígùn kan tí mo fi ń ya bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Lékkí Phase 1, àti pé ibi tí ojú wọn kò bá dé, lẹ́ǹsì mi á dé e. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n ìṣojú àwọn ni kí n ti yà á, kí n má lọ yà á wá láti ilé.

Ọ̀sán la kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ náà ti dé, ó dúró lókèèrè lórí òkun, ó ń retí kí wọ́n pè é wọlé. Àwa dúró sórí iyanrìn ní abúlé àwọn apẹja kan. Àníọlá, ìgbéraga ló bá mi jà lọ́jọ́ náà. Ìwọ tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù lo ti ń yàwòrán, o lè má tíì lo kọnfátà rí. Òrùka onígíláàsì kan ni, a máa ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì, ó sì ń sọ gígùn lẹ́ǹsì di ìlọ́po méjì. Mo lọ yá a, mo rò pé bó bá ṣe gùn tó ló ṣe máa dára tó. Mo gbàgbé pé bó ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ni náà ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Àwòrán ṣókùnkùn. Mo bá dẹ ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà, lọ́wọ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, afẹ́fẹ́ òkun sì ń gbọn sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi jìgìjìgì. Èyí tó burú jù ni ooru ọ̀sán tó ń gòkè lórí omi, tó ń mú kí gbogbo ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán máa jó. Nígbà tí mo fi han Màmá, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, "Èwo lọmọ mi nínú mọ́ínmọ́ín yìí?" Hakeem bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Màmá kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Nígbà tí à ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn títí a fi dé Ajah. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ní kí Hakeem kúkú sọ òótọ́ fún àwọn, pé ọkàn àwọn le tó láti gbọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí n kò bá rí Àyúbà mú kí ọkọ̀ yẹn tó lọ, obìnrin yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀ ẹni tó wà láàyè.

Ìròyìn ayọ̀ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àyúbà pè pé àwọn á wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pé ojú omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta ni àwọn máa gbà, kò sì jìnnà sí iyanrìn. Mo yọ kọnfátà ńlá yẹn kúrò, mo fi kékeré tí kì í jẹ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Mo dé fìlà rọ́bà sí ẹnu lẹ́ǹsì nítorí oòrùn àárọ̀, mo sì fi ọ̀rá wé ara rẹ̀ kí omi iyọ̀ má baà ta sí i. Mo fi sítáǹdì sílé. Dípò rẹ̀, mo lọ bẹ Màmá fún ẹ̀wà, mo dà á kún àpò ìrọ̀rí, mo sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Màmá ní ṣé sísè la fẹ́ lọ sè é fún àwọn ará inú ọkọ̀ ni. Mo ní rárá, orí rẹ̀ ni lẹ́ǹsì máa sùn sí kó má baà gbọ̀n. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n ṣáà dá ẹ̀wà àwọn padà.

Láàárọ̀, a rí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tí àwọn apẹja dojú rẹ̀ dé sórí iyanrìn. Mo gbé àpò ẹ̀wà lé ìdí rẹ̀, mo gbé lẹ́ǹsì lé ẹ̀wà, mo kúnlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, lẹ́ǹsì kò mira. Mo gbé ISO, agbára tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sókè, mo ní bí àwòrán bá ní hóró-hóró díẹ̀, kò burú, ó sàn ju kó má hàn lọ. Mo sì fi ṣọ́tà sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀jọ ìṣẹ́jú-àáyá kí ohunkóhun tó bá ń mira lè dúró sójú kan. Kò pẹ́ ni ọkọ̀ náà yọ, ó ga ju ilé ìfowópamọ́ lọ, àwọn ọkọ̀ kéékèèké sì ń fà á bọ̀. Àwọn ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ọkọ̀, gbogbo wọn dé akoto, gbogbo wọn wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn kan náà. Hakeem ní èyí tó wà ní ìparí ni. Màmá ní ta ló sọ fún un.

Màmá gba fóònù tí Hakeem fi ń bá Àyúbà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó sún sẹ́yìn. Wọ́n wá sọ sínú rẹ̀ pé, "Ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ yìí, bó bá jẹ́ ìwọ ni Àyúbà tó fi mí sílẹ̀ látọdún mẹ́rin, di etí rẹ méjèèjì mú. Máa lọ sílẹ̀, máa dìde, títí n ó fi ní ó tó." Ìyà tí Màmá fi ń jẹ Àyúbà àti Hakeem nìyẹn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Mo gbọ́ tí ẹni tó wà nínú fóònù ní, "Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ń wò mí o." Màmá jágbe mọ́ ọn pé, "Mo ní di etí mú!"

Àníọlá, mo rí i nínú lẹ́ǹsì! Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ó sanra, ó síngbọnlẹ̀, ó ṣí akoto rẹ̀, ó gbé e fún ẹni tó wà nítòsí, ó ki fóònù bọ àpò àyà, ó di etí méjèèjì mú. Ó lọ sílẹ̀, ó dìde. Ó lọ sílẹ̀, ó dìde. Ọwọ́ mi kò kúrò lórí kámẹ́rà, ó ń dún ká-ká-ká. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, òyìnbó kan láàárín wọn tilẹ̀ di etí tirẹ̀ náà mú, ó ń bá a ṣe é. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo di èémí mi mú kí àwòrán má baà bàjẹ́.

Mo fi ẹ̀yìn kámẹ́rà han Màmá, mo fẹ àwòrán náà títí ojú Àyúbà fi kún un. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka kan án. Wọ́n ní, "Ó ti hu irùngbọ̀n bàbá rẹ̀." Bí wọ́n ṣe jókòó sórí iyanrìn nìyẹn, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń ní Alihamudulilai, Alihamudulilai. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ wọn láìtọrọ àyè. Ohùn kan la wá gbọ́ nínú fóònù tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ: "Màmi, ṣé ó ti tó?" Wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá! Wọ́n ní ó ti tó, kó dìde, kó lọ jẹun.

A ò tíì dé ìdí mọ́tò tí Màmá fi bi mí pé, "Tó bá dọjọ́ ìyàwó, tó o bá jókòó bí ìyàwó, ta ni yóò máa ya fọ́tò?" Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé mi. Hakeem ló tètè yé, ó ju àpò ẹ̀wà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. Ìgbà yẹn ni mo dárúkọ rẹ. Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Kejìlá ni Màmá fúnra wọn dá, nítorí Àyúbà á ti gba ìsinmi wálé nígbà náà. Ǹ bá ti pè ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ irú èyí, kíkọ ni kí n kọ ọ́ ránṣẹ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu, kó wọn dání bọ̀, ààyè wà. Hakeem ní kí n kí ọ.

Màmá náà kí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé o kò gbọdọ̀ gbé lẹ́ǹsì gígùn kankan wá. Wọ́n ní gbogbo àwọn ọmọ àwọn ló máa wà nílé lọ́jọ́ náà, kí o súnmọ́ wọn dáadáa kí o tó yà wọ́n.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó kù díẹ̀ kó dìyàwó,

Adékẹ́mi.