Àwo Ọkàn Tí Wọ́n Ní Kí N Dà Nù

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwádìí Oògùn.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ kú ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún èyí tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà pé kó rọra, ọ̀nà kò ní í sá lọ. Èmi náà wà, ara le. Mo mọ̀ pé ìka yín kò jẹ́ kí ẹ lè di gègé mú mọ́, nítorí náà mi ò bínú pé ẹ kò fèsì lẹ́tà mi tó kọjá. Ọmọ yín àgbà ló sọ fún mi lórí fóònù pé ojú ọ̀nà oògùn làkúrègbé tí mo ṣèlérí fún yín lẹ ń wò, pé ẹ tiẹ̀ ti ń gba aṣọ ìgbéyàwó sílẹ̀ torí pé ìka yín fẹ́ẹ́ yá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Oògùn yẹn kò ní í dé. Èmi gan-an ni mo dá a dúró, ojú ò sì tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kí oògùn tuntun tó dé ẹnu ènìyàn, iṣẹ́ tèmi ni láti mọ̀ bóyá yóò ṣe ọkàn ní jàǹbá. Oògùn kan lè mú oríkèé yá, kó sì máa da lílù ọkàn rú lábẹ́lẹ̀. Torí pé a kì í kọ́kọ́ dán irú èyí wò lára ènìyàn, ṣe la máa ń gbin ọkàn sínú àwo. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, a ó mú sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ padà sí ìgbà tí kò tíì mọ̀ bóyá awọ ni òun máa dà tàbí egungun, a ó wá fi oríṣiríṣi oúnjẹ olómi tàn án títí yóò fi gbà láti di ọkàn. Bó bá ti gbà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, tó ń sún kì, tó ń sún kì, ariwo ni mo pa. Lẹ́yìn náà la ó da oògùn sí i, a ó sì máa wo bó ṣe ń lù.

Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́rin la lò fún oògùn yìí. Mẹ́ta lù dáadáa. Ìkẹrin náà kọ́kọ́ lù dáadáa, àfi bó ṣe pẹ́ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Á lù, á dákẹ́, á sáré bí ẹni tí ajá ń lé, á tún dákẹ́. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Kíákíá bí kò bá sí nítòsí, ní àwo náà ti bàjẹ́, kí n dà á nù.

Mo ní, "Ọ̀gá, kò bàjẹ́ o. Ẹ̀jẹ̀ kan náà tí mi ò da oògùn sí, ó ṣì ń lù bó ṣe yẹ."

Ó ní ọwọ́ mi ni kò mọ́. Èmi! Ẹni tí ìyá wa ń pè ní afọwọ́-má-sinmi!

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ mi ni. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń wà lára àwo, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà tèmi, ṣebí apá mi ni wọ́n ti fà á. Ọkàn mi ló ń kọsẹ̀ lójú mi yẹn. Ìyá kan, bàbá kan ló sì bí èmi àti ẹ̀yin. Ohun tó bá ojú, ó bá imú. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́, yín ni mo sì rò kí n tó ro ara mi.

Kíákíá gbé iṣẹ́ náà fún yàrá ìwádìí kejì. Abiyamọ là ń pe obìnrin tó wà níbẹ̀, nítorí bó ṣe ń kẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí èsì tirẹ̀ dé, gbogbo ọkàn ló ń lù geerege, tèmi pẹ̀lú. Àwọn ará ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò mí. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo gba yàrá Abiyamọ lọ, mo fa àga, mo ní mo fẹ́ wo bó ṣe ń ṣe é. Kò bínú, ó tiẹ̀ fún mi ní ìbọ̀wọ́. Ló bá fa oúnjẹ àná kúrò nínú àwo, ó bu tuntun sí i, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ jẹun, ẹ̀yin ọmọ mi."

Mo bi í léèrè bóyá oògùn wà nínú oúnjẹ tuntun yẹn.

"Oògùn kẹ̀? Ṣebí mo ti fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ẹ gbọ́ o! Láràárọ̀ ló ń fi ìfẹ́ fọ oògùn kúrò lára wọn, èmi sì rèé, ojoojúmọ́ ni mo ń dà á sí tèmi. Ẹni tó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, ta ni yóò bá a fọ tirẹ̀ kúrò? Abiyamọ káwọ́ lérí, kò bá mi jiyàn. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó ń po oògùn mọ́ oúnjẹ lójoojúmọ́, èmi kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn mẹ́ta ń lù. Tèmi kọsẹ̀.

Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ parí? Kíákíá ní, "Ẹnì kan péré nínú mẹ́rin! Ṣé torí ẹnì kan la ó fi dá oògùn dúró?" Ó ní kí n buwọ́ lù ú pé kò léwu, pé àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́kọ́ lò ó ti ń dúró. Mo fàáké kọ́rí. Mo ní, "Ẹnì kan yẹn ló dúró níwájú yín yìí." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi pè mí. Abiyamọ náà kọ̀, kò buwọ́ lù ú, oògùn ò sì lè jáde láìsí ìbuwọ́lù àwa méjèèjì. Kí wọ́n pè mí. Ohun tí mo sọ fún un ni mo máa sọ fún wọn, kódà kí wọ́n pe ìgbìmọ̀ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá sì lé mi, mo mọ ọ̀nà ilé.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo ọmọ. Ẹ kí àwọn ọmọṣẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ́ gbé oògùn yẹn wá fún yín, ẹ dà á sí kòtò.

Mo mọ̀ pé inú máa bí yín. Mo mọ bí ìka yẹn ṣe ń dùn yín, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi ìrètí sí yín lọ́kàn. Ẹ bínú dáadáa. Ẹ pè mí, kí ẹ bú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n tí ìka ń dùn, tó ń bú mi, ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ èyí tí ìka rẹ̀ nà gbọnrangandan, tí mo pè pè pè tí kò jẹ́ mi lóhùn.

Èmi ni tiyín, bí inú ń bí yín bí kò bí yín,
Àbíkẹ́yìn