Màmá, Ajá Lẹ Dúró Tì

Màmá mi, tí èmi àti ẹ̀yin kò tíì parí ọ̀rọ̀,

Gáréèjì ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò níbí, lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Ìbàdàn tí kò tíì kún. Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí yín. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ bá yín rò. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní dá mi lóhùn, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe tuntun láàárín wa. Nígbà tí ẹ lè dáhùn náà, ẹ kò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ajá ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, gbogbo èèyàn túká, ó ku èmi àti ẹrù yín nínú yàrá tí ẹ háyà ní Niger Street. Onílé fẹ́ gba yàrá rẹ̀. Mo bá maṣíìnì ìránṣọ yín níbẹ̀, òkìtì aṣọ funfun tí ẹ kò tíì rán di sùtánà fún àwọn ará ìjọ, àti ajá kan. Ajá pupa, elétí kan, tó ń tiro. Orí àwọn àjákù sùtánà lábẹ́ maṣíìnì ló dùbúlẹ̀ sí. Bí mo ṣe wọlé, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó gbé orí lélẹ̀. Inú bí mi sí i lójú ẹsẹ̀. Èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀yìn èèyàn.

Mo ti ń gbúròó àwọn ajá yín lórí fóònù. Bí ẹ bá pè mí, ẹ kì í kí mi kí ẹ tó bèèrè: ṣé o ti jẹun? Mo lè wà ní ìpàdé, mo lè wà lójú títì, ìbéèrè yẹn náà ni. Bí mo bá ti ní mo ti jẹun, mo máa gbọ́ tí ajá ń gbó lẹ́yìn yín, ẹ ó ní ẹ fẹ́ lọ fún un ní tirẹ̀, ẹ ó sì pa fóònù. Ó máa ń dùn mí. Mo rò pé eré àgbà lásán ni ajá sísìn yín. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni ẹ gbà, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ yín, tí ẹnikẹ́ni kò sì san kọ́bọ̀ fún yín lórí rẹ̀.

Dókítà Ladi ló là mí lóye, obìnrin oníwòsàn ẹranko tó ń gbé ní GRA Nassarawa. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń gba ajá sílẹ̀: èyí tí mọ́tò gbá, èyí tí olówó rẹ̀ lé jáde, èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fi ẹran ajá se pẹpẹsúùpù. Wọn kò ní ilé tó lè gba gbogbo wọn, ni wọ́n bá ń pín wọn fún àwọn alágbàtọ́. Alágbàtọ́ á gbé ajá sílé, á fún un lóúnjẹ àti oògùn, á jẹ́ kó tún gbà pé ọwọ́ èèyàn kì í ṣe kùmọ̀ nìkan. Bó bá ti yá, tí ẹni tó máa mú un títí ayé yọjú, alágbàtọ́ á dá a sílẹ̀, á sì gba òmíràn.

Mo bi í pé irú èèyàn wo ló ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún irú ìyẹn. Hausa la jọ ń sọ. Ó ní oríṣiríṣi ni wọ́n. Àwọn kan, ọmọ wọn ti lọ sí òkèèrè, ilé dákẹ́ jù. Àwọn kan kò lè mú ajá títí ayé, àmọ́ wọ́n lè mú un fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí ayé yìn wọ́n, ìyẹn kì í pẹ́, ọjọ́ tí ajá bá kọ́kọ́ tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń pe òun kí òun wá gbé e. Mo bi í pé nínú wọn, èwo ni tiyín. Ó wò mí. Ó ní kí n ní sùúrù, òun á sọ ọ́ nígbà tó bá yá.

Ẹ tọ́jú ohun tí wọ́n jù nù, Màmá. Ó dára. Gbogbo ojúlé yín ló sì bínú sí yín nítorí rẹ̀. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń pè yín ní Maman Karnuka, ìyá àwọn ajá. Bàbá Kọ́lá tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiyín, àgbà ìjọ yín, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀.

“Ṣé o ti wá kó ajá lọ? Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún ìyá rẹ o, ṣùgbọ́n irun ajá ló fi ń bá wa jọ́sìn. Sùtánà tó rán fún mi, mo wọ̀ ọ́ dé iwájú pẹpẹ, mo sín títí Wòlíì fi ní kí n jáde!”

Òun ló sọ ti orúkọ àwọn ajá fún mi. Ẹ̀yin kì í bá aládùúgbò jà, ẹ kàn máa ń sọ ajá lórúkọ. Àkọ́kọ́ ń jẹ́ Kílókànyín. Ní àárọ̀, bí Bàbá Kọ́lá bá ti ń fọ eyín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Kílókànyín! Kílókànyín o!” Nígbà tó lọ fi yín sùn lọ́dọ̀ Wòlíì, èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ Ẹtúnròyìn.

“Mo fẹ́ ra ajá tèmi náà kí n sọ ọ́ ní Ìyáburúkú,” ó ní, “ìyàwó mi ló ní kí n fi ojú àgbà wò ó.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi apá aṣọ nu ojú. “Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó bú mi mọ́ láàárọ̀.”

Mo bi í pé kí ni èyí tó kù ń jẹ́. Ó ní Dúródèmí. Mo bi í pé ta ni ẹ sọ̀kò rẹ̀ lù. Ó ní òun kò mọ̀, ìyẹn kò ba òun.

Èmi mọ ẹni tó bà. Ní ojú mi ni ẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ní gáréèjì yìí gan-an.

Ìlú dàrú nígbà náà, àwọn òbí ń kó ọmọ wọn lọ sílé. Mo kéré, mi ò kúrò ní Kánò rí. Yorùbá tí ẹ ń sọ sí mi yé mi, àmọ́ Hausa ni mo fi ń dá yín lóhùn, bí gbogbo ọmọ ojúlé. Ẹ ra kúlíkúlí fún mi, ẹ gbé mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ sọ fún awakọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín á wá gbà mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ní kí n dúró dè yín, ẹ máa wá mú mi nígbà Kérésìmesì. Ẹ wá yí ẹ̀yìn padà. Ọkọ̀ kò tíì kún, Màmá. Kò tíì kún ìdajì. Mo rò pé omi lẹ lọ rà. Àwọn èèyàn ń wọlé díẹ̀díẹ̀, mo ń na ọrùn kọjá orí wọn. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mi ò rí ẹni tí mo máa juwọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe ìkà. Èdè mi ni kò yé wọn. Tí ebi bá pa mí, mo máa bèèrè oúnjẹ ní Hausa, àwọn ọmọ inú ilé á dì mọ́ra wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín: “Ẹ wá wo ọmọ Gàmbàrí!” Mo dákẹ́. Mo kọ oúnjẹ. Ìlú Kánò tòrò, gbogbo ọmọ tí a jọ kúrò padà sílé wọn. Èmi wà níbẹ̀ títí mo fi jáde ní ilé ìwé gíga. Bí ẹ bá wá nígbà Kérésìmesì, ẹ ó kó aṣọ tuntun wá, ẹ ó bi mí bóyá mò ń jẹun, ẹ ó sì lọ. Nígbà tí mo dàgbà tó láti bi yín, ẹ ní ìwé kíkà ló dára lọ́hùn-ún.

Mo mọ̀ pé àṣà wa ni. Ta ni wọn kò fi fún mọ̀lẹ́bí tọ́ rí nínú wa? Kò sẹ́ni tó ń pè é ní jíjù nù. Èmi náà ti kọ̀wé nípa rẹ̀ rí, pẹ̀lú ọkàn tútù, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Àmọ́ kí ẹ fi ọmọ yín fún alágbàtọ́, kí ẹ wá fi ọjọ́ ogbó yín ṣe alágbàtọ́ fún ajá? Àyè ta ni ajá ń sùn sí lábẹ́ maṣíìnì yẹn? Èmi ni mo ń sùn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ gbàgbé ni?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin tó ń se pẹpẹsúùpù ajá kan ilẹ̀kùn, ó mú okùn dání.

“Abeg, sorry for Mama. Dat dog nko? Make I help you carry am.”

Mo rò ó wò. Mi ò ní pa irọ́ fún yín. Ọkọ̀ mi ti wà nílẹ̀, onílé ń dúró de kọ́kọ́rọ́, ojútùú sì ti dé fúnra rẹ̀. Ajá yẹn kò gbó, kò kùn. Ó dìde, ó tiro wá sẹ́yìn mi, ó fi ara ti ẹsẹ̀ mi, ó ń gbọ̀n. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kó máa lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ajá. Mo kàn kọ̀ láti fi ohun tó ń gbọ̀n lé àlejò lọ́wọ́ kí n sì yí ẹ̀yìn padà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe.

Lánàá, Dókítà Ladi pè, ó ní òun ti rí ẹni tó máa mú un, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, tó ń dá gbé ní GRA. Mo ní kó wá gbé e. Ó ní rárá, ẹ̀yin kì í jẹ́ kí òun gbé ajá lọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sìn ín débẹ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àná. Mo ṣírò pé màá já ajá sílẹ̀, màá padà sí gáréèjì kí ọkọ̀ tó kún. Mo dì í sínú àjákù sùtánà kí ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta má bàa rí i, a wọ inú rẹ̀. Ajá yọ orí ní France Road. “Subhanallahi!” ni onítọ̀hún pariwo. Ó wà wá débẹ̀ o, àmọ́ ó ń bú mi ní gbogbo ọ̀nà.

Olùkọ́ náà ti se ìrẹsì àti ẹja sínú abọ́ tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. “Zo, ga abinci,” ó ní: wá, oúnjẹ rèé. Ajá kò wò ó. Ó gbìyànjú Gẹ̀ẹ́sì. Dúródèmí tiro lọ sẹ́nu géètì, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí títì. Mo dìde, mo ní ọkọ̀ mi ti ń kún.

“Jókòó,” Dókítà Ladi ní. “Mama kì í lọ tí ajá kò bá tíì jẹun.”

Ó ní ilẹ̀ lẹ máa ń jókòó sí. Ó ní lọ́jọ́ kan, ẹ jókòó ti ajá kan láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ló wá sọ èyí tí mo ti ń dúró dè. Ó ní òun náà ti bi yín rí pé kí ló dé tí ẹ ń ṣe é. Ẹ ní ẹ fi ẹnì kan sílẹ̀ rí nínú ọkọ̀ tí kò tíì kún, nítorí pé bí ẹ bá dúró kó kún, ẹ máa sọ ẹni náà kalẹ̀. Ẹ ní láti ọjọ́ yẹn, ẹ kò mọ̀ bóyá ó jẹun níbi tó dé.

Dókítà ajá lẹ sọ ọ́ fún, Màmá. Èmi jókòó níwájú yín ní ọdọọdún. Mo dàgbà lójú yín, mo hu ewú lójú yín. Kí ló ṣòro? Ẹ rí ẹnu bú Bàbá Kọ́lá láàárọ̀, ẹ rí ẹnu bá Ladi sọ̀rọ̀, èmi nìkan lẹ ń bi bóyá mo ti jẹun. Mo jókòó sílẹ̀ ilé olùkọ́ yẹn, inú ń bí mi.

Ìgbà náà ni mo rí ohun tó yẹ kí n ti rí. Yorùbá nìkan ni ajá yẹn gbọ́. Èdè yín nìkan ni wọ́n fi fún un lóúnjẹ rí. Mo bu ìrẹsì sọ́wọ́, mo ní: “Dúródèmí, wá jẹun.” Etí kan ṣoṣo yẹn dìde. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún ń wá yín. Ó wá bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ ní kí n kọ́ òun. Mo kọ́ ọ títí ahọ́n rẹ̀ fi gbà á, títí ajá fi jẹ ti abọ́ tán, tó sì lọ dùbúlẹ̀ ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pe èmi wá jẹun.

Nígbà tí mo dé gáréèjì, ọkọ̀ ti kún, ó ti lọ. Ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọ̀gá, gbogbo yín lẹ sanwó, ẹ̀yin nìkan lẹ kò wọkọ̀. Kí lẹ lọ ṣe?” Mo ní mo dúró kí ẹnì kan jẹun. Ó ní, “Ọmọ yín?” Mo gba ibẹ̀ padà sí yàrá yín.

Onítíkẹ́ẹ̀tì ti ń pè wá báyìí, ọkọ̀ tòní ti fẹ́ kún. Mi ò tíì dárí jì yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún sọ fún yín pé mo ti dárí jì yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ bẹ̀rù pé bí ẹ bá dúró, ẹ máa sọ̀ mí kalẹ̀. Ẹ̀ bá ti sọ̀ mí kalẹ̀, Màmá. Mo ti di kúlíkúlí yẹn mọ́wọ́, mi ò tíì jẹ ẹ́. Ǹ bá bọ́ sílẹ̀, kí a jọ máa lọ sílé, kí ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ bá wa níbẹ̀.

Mo ti jẹun o.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ ní kó dúró dè yín.