Ẹ̀rọ Tó Ń Kùn àti Ohùn Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, àti pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́. Àlàáfíà ni èmi àti Màmá wà. Orí mi nìkan ni kò já gaara.

Ańpílífáyà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti parí. Fáàfù onígíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀ ń tàn bíi gílóòbù kékeré, ó sì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń kùn bí ilé oyin. Ẹ mọ ìdí tí mo fi ṣe é: kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ohùn Bàbá wa tó ti lọ wà nínú rẹ̀ ti gbó, ẹ sì kọ̀wé pé ẹ ò rántí bí ohùn wọn ṣe ń dún mọ́. Mo fẹ́ dà á kọ sínú tuntun fún yín kó tó já.

Mo yí tiransífọ́mà síbòmíràn, ìkùn náà dínkù díẹ̀. Mo lọ́ wáyà iná àwọn fáàfù pọ̀ bí ẹni dirun, ó tún dínkù. Mo fi páànù bo fáàfù àkọ́kọ́, ló bá pọ̀ sí i. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo tú u. Màmá ní, "Onírédíò, ṣé ò ń tún un ṣe ni àbí ò ń bá a jà?"

Ahun tí mo ṣe ló fà á. Kí n má baà ra wáyà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ara àpótí irin ni mo fi ṣe ọ̀nà ìpadà iná, mo so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn níbi márùn-ún. Ẹ kọ ọ́ kedere pé ibì kan ṣoṣo ni. Èmi rò pé okùn márùn-ún ń so ẹran le ju ọ̀kan lọ. Ní Sátidé, mo kó gbogbo wọn sábẹ́ bóòtù kan. Ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí mo so mọ́ ọn, ìkùn tún dé. Mo yọ ọ́, ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Àṣé inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà: ìdí ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń lọ ọkà fún àwọn oníbàárà ni wọ́n ti gba ohùn wọn sílẹ̀, ariwo ẹ̀rọ náà sì bá a wọlé. Mo wá fi kàpásítọ̀ kékeré kan gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò. Ìkùn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá bá a lọ. Ohùn tó kù tín-ín-rín bíi ti ọmọ ilé-ìwé.

Màmá gbọ́ méjèèjì. Nígbà tí èyí tó mọ́ ń dún, aṣọ ni wọ́n ń ká lọ. Nígbà tí mo dá ìkùn padà, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn, ẹ wá jẹun," bí wọ́n ṣe máa ń ké sí Bàbá láti ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n ń ká lé itan. N kò mọ̀ bóyá oore ni mo ṣe àbí ìkà.

Mo ti yọ kàpásítọ̀ náà. Èyí tó ń kùn ni mo fi ránṣẹ́ sí yín.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó sì jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin,
Onírédíò.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ẹ má retí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n o. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo ohùn Bàbá tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Oníbàárà kan ní ìyẹ̀fun òun ò pé, Bàbá ń ka òṣùwọ̀n fún un. Mo bá wọn ṣírò rẹ̀. Bàbá ló jàre.