Ilé Ìdáná Tó Kọjú Síta

Màmá mi,

Ẹ kú àárò mi. Mo kí Bàbá káfíńtà wa àtàwọn àbúrò mi. Ara mi le, òtútù ìlú yìí nìkan ló ń fìtínà mi.

Olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé ní ká ya ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká. Mo ya yàrá méjì, mo gbé ilé ìdáná síwájú bíi tiwa. Ẹnì kan nínú kíláàsì bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló ń dáná lójúde?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo fèsì: "Ìyá mi ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọmọ márùn-ún, ọbẹ̀ wọn kì í sì í jóná." (Mo bù mọ́ ọn díẹ̀, ẹ má bínú.)

Olùkọ́ ní bí mo bá mú ìwọ̀n ilé ìdáná wa wá, ilé ẹ̀kọ́ wa yóò kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n fi tépù wọn ilé ìdáná náà.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Màmá. Ìyá mẹ́wàá ni yóò máa ṣọ́ ọmọ wọn láti ìdí ààrò yín.

Ọmọ yín