Ike Ìpara Tí Kò Bá Wa Wọ Bàálù

                                        Ṣọ́ọ̀bù Onídìrí,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ògbólógbòó,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi gbé bírò yìí, láti kéde fún ọ pé ike ìpara ńlá Àǹtí Onídìrí ti fi wá sílẹ̀. Ó dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, níbi ayẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú, lẹ́yìn àríyànjiyàn ránpẹ́. Ìdérí kan ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Tí o bá wà lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá ibi jókòó sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ kì í dí ìkíni lọ́wọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, ṣé ara ti mókun? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ṣì ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbà pé ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́ gbogbo èsì tí wọ́n ń fún un? Ọmọ tuntun ńkọ́? Wọ́n ní ó jọ ọ́ gan-an. Má bọkàn jẹ́, ọmọdé máa ń yí padà bó bá ń dàgbà. Èmi náà wà, a dúpẹ́.

Ìtàn náà rèé. Ìyáàfin kan tó ní àwọn ilé ìtajà ìṣaralóge ní ìlú kejì ló gbọ́ òkìkí ìpara irun tí Àǹtí ń sè fúnra wọn. Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú un wá kí òun fojú rí i, kí òun sì fọwọ́ kàn án. Bó bá wu òun, gbogbo ilé ìtajà òun ni yóò máa tà á. Ọjọ́ Ẹtì yẹn nìkan ló ráyè fún wa, torí ó ń lọ sókè òkun lọ́jọ́ kejì, kò sì ní tètè dé. O mọ Àǹtí. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni àbúrò bàbá mi yìí ti ń dúró lẹ́yìn orí ẹlòmíràn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé bàtà méjì péré ló kù tó ń gbà wọ́n. Wọ́n ní bí ìpara yìí bá lè tà, àwọn á jókòó. Gbogbo àdúrà wọn nìyẹn: kí àwọn jókòó.

Wọ́n ní èmi ni kí n sìn wọ́n lọ, torí èmi ni mo lọ sí pólì, mo máa mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ bàálù. N kò wọ bàálù rí. Mo fa ojú ro bí ẹni tí bàálù wíwọ̀ ti sú.

Àpótí aṣọ wa wọ abẹ́ bàálù, ṣùgbọ́n ìpara kò bá a lọ. Ọkọ̀ èrò kan ti gbé ẹrù Àǹtí lọ sí ìlú tí àwọn fúnra wọn kò lọ rí, láti ìgbà náà wọn kì í jẹ́ kí ohun tó bá ṣe pàtàkì kúrò lábẹ́ apá wọn. Wọ́n fi ìborùn wé ike náà, wọ́n gbé e sáyà bí ìkókó. Géńdé kan dìde, ó fún wọn ní àga rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n tilẹ̀ ń rẹ ike náà kó má baà jí.

Bí o kò bá dé ibi ayẹ̀wò rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá àgbàlagbà padà sí jẹ́lé-ó-sinmi. Bọ́ bàtà. Tú bẹ́líìtì. Gbọ́wọ́ sókè. Ọkùnrin kan tó múra bí ọ̀gá báǹkì wà níwájú wa, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan bo ihò tó wà lára ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kejì. Mo bọ̀wọ̀ fún un.

Ike wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dúró. Obìnrin òṣìṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ wo àwòrán, ó wo Àǹtí, ó tún wo àwòrán. Ó ní omi tó bá wà nínú ike tó ju mìlílítà ọgọ́rùn-ún lọ kò gbọdọ̀ kọjá.

“Omi kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Ìpara irun ni.”

“Ohun tó bá ti ṣeé fi para, omi ni lójú òfin, mà.”

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, mo rí i pé àsìkò tó kí ẹ̀kọ́ mi wúlò. Mo sún síwájú, mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun líle àti ohun ṣíṣàn bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Obìnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin. Ó ní kí n bọ́ bàtà mi.

Àǹtí ṣí ike, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìpara kò mì. “Ṣé ó ń ṣàn?”

“Kò ṣàn, mà. Omi ni.”

“Kò tilẹ̀ ju ìdajì lọ nínú ẹ̀, wò ó.”

“Ike la ń wò, mà. A kì í wo bó ṣe kún tó.”

“Àṣé ike lẹ ń bá jà, tí ẹ fi ohun tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀.”

“Ẹ má bínú, mà. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Mo gba ìpara màmá tèmi níbí lóṣù tó kọjá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé tiyín kọjá, wọn ò ní dá mi lóhùn mọ́ láyé.”

Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù abẹ́ bàálù ti kógbá sílé, wọ́n sì ti ń pe àwọn èrò bàálù wa. Àpótí ìdalẹ̀nù ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ọṣẹ olómi, lọ́fínńdà àti ìgò oyin kan wà nínú rẹ̀. Àǹtí wo inú rẹ̀, wọn kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò rí i kí wọ́n dákẹ́ rí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Bóyá ó ba obìnrin náà lẹ́rù pẹ̀lú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí a bá rí ike kékeré, kí a bu ìwọ̀n tó bá gbà sínú rẹ̀, òun á jẹ́ kó kọjá.

Bàbá kan wà lẹ́yìn wa, tẹ́lọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìlà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ó yọ ìgò lọ́fínńdà kékeré jáde, ó dà á sọ́rùn, ó dà á sí irùngbọ̀n, ó fi ìyókù wọ́n èmi àti ọkùnrin ìbọ̀sẹ̀. “Ìyàwó ọmọ mi ló rà á fún mi,” ni bàbá wí, “mo ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn tipẹ́.” Ó gbé ìgò òfìfo lé Àǹtí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ìgò kéré. Àǹtí fi ìka ti ìpara, ó kọ̀. Wọ́n fi ìyarun tì í, ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí obìnrin òṣìṣẹ́ náà, wọ́n ní, “Ẹ wá bá omi yín sọ̀rọ̀, kó ṣàn.” Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Ìyá ọmọ kan ló yọ wá. Ike ìpara ọmọ rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀, díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. Ó fi gbogbo ìyẹn pa ọmọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì títí ó fi ń dán bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tuntun. Ó nu ike náà dáadáa, ó nà án sí wa. Àǹtí bu ìpara kún un, wọ́n dé e, obìnrin òṣìṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọjá.

Ó ku èyí tó wà nínú ike ńlá. Àǹtí ní ohun tí àwọn fi ọwọ́ ara wọn sè, àwọn kò ní fi ọwọ́ ara wọn dà á nù. Wọ́n bi obìnrin náà bóyá ohun tó wà lára ènìyàn ń jẹ́ ẹrù. Ó ronú, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá wo òkè àjà. Wọn kò rí òfin kankan. Ni Àǹtí bá dá ìlà náà dúró, wọ́n ń fi ìpara pa èrò lórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀: “Tẹ orí wá. Ta ló ba irun iwájú yìí jẹ́ fún ẹ? Má dá mi lóhùn, mo ti mọ ìyẹn ná.” Bàbá tẹ́lọ̀ gbà á sí irùngbọ̀n. Ọkùnrin ìbọ̀sẹ̀ kò ní irun, ó ní kí wọ́n ṣáà pa òun lórí, kí ìrètí má baà kú. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ti ń yọ̀. Bẹ́líìtì ń bọ́, àwo ẹrù ń jábọ́, ìlà ò lọ síwájú mọ́, ẹ̀rín sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Obìnrin òṣìṣẹ́ ju ike ńlá sínú àpótí ìdalẹ̀nù, ìdérí rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ Àǹtí. A sáré wọ bàálù, àwa la wọlé gbẹ̀yìn, a ń dán.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì ìyáàfin náà, Àǹtí gbé ike ọmọ kékeré yẹn sórí tábìlì.

“Ṣé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn mí nìyí?”

“Èyí tí òfin ṣẹ́kù fún wa nìyí, mà.”

Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé. Àǹtí ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìpara ti kọ̀ láti wọ ìgò, ìyáàfin náà ti gbé orí lé tábìlì, ó ń fi aṣọ nu omi ẹ̀rín lójú. Ó ní wọ́n ti gba tòun náà rí níbi ayẹ̀wò bẹ́ẹ̀, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó bu díẹ̀, ó fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, ó fi pa irun etí. Ó wá ní àwọn oníbàárà òun kò sinmi ìrìn àjò, gbogbo ìpara gidi tí òun ń tà fún wọn sì ń parí sínú àpótí ìdalẹ̀nù. Ó ní kí Àǹtí máa rọ ọ́ sínú ike kékeré bí èyí gẹ́lẹ́, òun á gba iye tí wọ́n bá lè sè. Àǹtí wo àga tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì jókòó.

Wọ́n ṣì jókòó bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń ro ìpara, orí ìjókòó ni wọ́n ti ń bú mi. Èmi ni mo ń fọ ike.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá, kí o sì bá mi fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, yálà ó jọ ọ́ àbí kò jọ ọ́. Àǹtí ní kí n kí ìyàwó rẹ, wọ́n ń retí orí rẹ̀.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn,

Ojú-ò-rẹ́rìn-ín.

Mo fi ẹ̀dà ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí sí i, kí ìyàwó rẹ lè mọ̀ kó tó wá dirun:

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ONÍBÀÁRÀ
Láti òní lọ, a ó máa yẹ báàgì wò kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Ìpara irun tí a kò rà ní ṣọ́ọ̀bù yìí kò gbọdọ̀ wọlé, ì báà wà nínú ike ńlá, ì báà wà nínú ike kékeré. Ohun tí a bá gbà, a kì í dá a padà. A kì í gbọ́ àlàyé.
Àṣẹ Ọ̀gá Onídìrí.