Ìkẹ́dùn lórí Ikú Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ Dáramọ́lá, Ẹni Tó Ní Ká Má Kọ “Àìsàn Ráńpẹ́”

Sí Ìyáàfin Títílayọ̀ Dáramọ́lá, Ìdẹ̀raolúwa ọmọ yín, àti gbogbo ẹbí, ní Whitby, ní Kánádà.

Ọkàn wa gbọgbẹ́ bí a ti ń kọ ìwé yìí. Àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn Àwọn Tó Ní Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀, tí a máa ń pàdé ní Etobicoke, ń bá yín kẹ́dùn ikú ọkọ yín, tó jẹ́ igbákejì alága wa. Ó dùn wá gan-an. Àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣì wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sí i.

Olùkọ́ ni wọ́n, wọn kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó kọ́kọ́ há wọn lọ́fun. Ìtọ́jú ti kápá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe wọ́n, gbogbo wa ti dúpẹ́, kó tó di pé kórópọ̀n wọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wú láìdùn wọ́n. Ẹ̀yin lẹ rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi lọ ṣe scan. Hàlímátù, òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ya àwòrán náà, gbọ́ orúkọ wọn, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn ò lè bọ́ sòkòtò níwájú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí àwọn, wọ́n bá padà sílé.

Yìnyín ti ń yọ́ kí wọ́n tó tún lọ. Lọ́jọ́ yẹn Hàlímátù kò kúnlẹ̀ mọ́. Ó fi aṣọ bò wọ́n, ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán náà fi ibì kan hàn tó ṣókùnkùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Àwọn dókítà ní oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà fi sá pamọ́ síbẹ̀, tó sì padà wá.

Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́. Ọkọ yín dìde nínú ìpàdé wa, wọ́n dárúkọ ibẹ̀ gan-an, wọ́n ní kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan máa yẹ ara rẹ̀ wò tó bá ń wẹ̀. Àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àwọn náà lọ ṣe scan. Ọ̀kan nínú wọn tètè mọ̀ pé àrùn náà wà níbẹ̀, ìtọ́jú sì gbà á là. Òun náà wà lára àwọn tí yóò gbé pósí lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyáàfin, ẹ bi wá léèrè ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ nípa ohun tó pa wọ́n sínú ìwé ètò ìsìnkú, torí ẹbí nílé ní “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́” ló bójú mu. Ẹ̀yin lẹ ni ìpinnu, a ó sì dúró tì yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ yín sọ nígbà tá a lọ kí wọn kẹ́yìn nìyí: “Ẹ má kọ àìsàn ráńpẹ́ sí tèmi o. Ẹ dárúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ibi tó sá pamọ́ sí. Ẹnì kan lè kà á.”

A ò ní fi yín sílẹ̀. A ó máa gbé oúnjẹ wá, a ó sì máa fi mọ́tò gbé Ìdẹ̀raolúwa lọ síléèwé títí ara yóò fi tù yín.

Kí Ọlọ́run Olùtùnú wà pẹ̀lú yín nínú ilé tó dákẹ́ yìí, kó tu Ìdẹ̀raolúwa nínú, kó sì di ọwọ́ yín mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ìlà kan ṣoṣo yẹn sínú ìwé ètò ìsìnkú.

Olúwayẹ́misí Ìmọ́lẹ̀
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́